Àwọn Ọmọ Ogun Inú Ìfun Tí Kò Kú

Ọmọbìnrin kan tún fi ojú sí awò tí í sọ ohun kékeré di ńlá. Ohun tó rí lẹ́ẹ̀kan náà ló tún rí: àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ní yóò kú ṣì wà láàyè.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdánwò àṣejáde tán ni, ó sì ń lo ìsinmi rẹ̀ ní yàrá àyẹ̀wò tí àbúrò ìyá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá fún. Àǹtí ti ṣàlàyé fún un pé bí àrùn bá bá ìfun jà, tí ìjà sì parí, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tó jẹ́ ọmọ ogun ara kì í padà lọ. Wọ́n á jókòó sínú awọ ìfun níbẹ̀, wọ́n á máa ṣọ́nà. Bí kòkòrò àrùn yẹn bá tún yọjú, wọ́n ti dá a mọ̀. Kíá ni wọ́n á kọ lù ú. Ìfun ló ń bọ́ wọn, òun ló sì ń fún wọn ní àmì pé kí wọ́n dúró. Àǹtí gbà pé bí àmì kan báyìí bá ti dáwọ́ dúró, gbogbo wọn pátá ni yóò kú. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fáwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ló bá ní kí ọmọbìnrin náà fi ègé ìfun tí àrùn ti bá jà rí sínú àwo, kó dá àmì yẹn dúró, kó sì wò ó bóyá wọ́n kú.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Kíákíá, torí kò síṣẹ́ tí kì í sáré ṣe. Òun náà yọjú wo awò náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Àbúrò, da ìyẹn nù, kó o kọ ohun tí Àǹtí ń retí. Àǹtí ló máa kọ̀wé jẹ́rìí ẹ fún yunifásítì. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní o ò mọṣẹ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó gbé àwo náà dé ẹnu garawa ìdọ̀tí, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ó mọ bí òun ṣe ṣe iṣẹ́ náà, kò sì fo ìgbésẹ̀ kankan. Ló bá kọrí sí ọ́fíìsì Àǹtí.

"Àǹtí, àwọn kan ò kú lọ́dọ̀ mi o. Bẹ́ ẹ ṣe ní kí n ṣe é ni mo ṣe é. Ohun tí mo rí ni mo wá sọ."

Ojú Àǹtí le. Ó da ìbéèrè bò ó, ó wá pàṣẹ pé kó tún gbogbo rẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀, kí Kíákíá náà ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ọmọbìnrin náà ṣe pàdánù ìrìn àjò tí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń múra sí nìyẹn. Kíákíá ń kùn bí oyin.

Ọ̀nà méjèèjì, ibì kan náà ni wọ́n já sí. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó kóra jọ síbi tí ìjà àrùn ti le jù kò mira. Àǹtí pẹ́ nídìí awò náà kó tó gbójú sókè.

"Mo ti rí irú èyí rí," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Àṣìṣe ni mo máa ń pè é, màá sì dà á nù."

Nígbà táwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé jọ, Àǹtí dìde, ó ní ohun tí òun ń sọ látọjọ́ yìí kò pé. Ó wá ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n òun bọ́ síwájú, kó sọ ìyókù. Ọmọbìnrin náà sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ò sì gbọ̀n.

Òtítọ́ korò, kódà lẹ́nu ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí ojú yín bá rí ni kí ẹ sọ. Ẹni tó ń sọ ohun tí àgbà fẹ́ gbọ́ kò tíì ran àgbà lọ́wọ́.