Òkúta tí Fàrúkù Tẹ́ Yí Kànga Ká

Ọjọ́ tí Moríyọ̀ kọ́kọ́ rí Fàrúkù, inú abọ́ obì ni ọwọ́ ọmọkùnrin náà wà títí dé ìgúnpá. Iṣẹ́ àyẹ̀wò omi ni Moríyọ̀ ń ṣe ní Ìlíṣàn. Iṣẹ́ náà ló gbé e dé ìdí kànga ilé àwọn Fàrúkù ní Ìjòkú.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bu díẹ̀ nínú omi yín sínú ìgò kan."

"Ìgò kan péré? Ẹ gbé kànga náà lọ, kí ẹ ṣáà ti padà wá."

Moríyọ̀ kì í tètè rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ó sì padà wá. Kò pé ọdún kan tí ìfẹ́ fi wọ̀ wọ́n lára. Bàbá Moríyọ̀, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Ìkẹ́nnẹ́, kọ́kọ́ fajú ro torí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n nígbẹ̀yìn ó gbà. Wọ́n mú ọjọ́ ìdána.

Alhaja Wúlẹ̀mọ̀tù, ìyá Fàrúkù, ní kí ìyàwó òun máa wá kọ́ iṣẹ́ obì ní Sátidé: bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́ sómi kí èèpo lè rọ̀, bí wọ́n ṣe ń bó o, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́, tí wọ́n ń fi ewé bò ó nínú apẹ̀rẹ̀. Sátidé àkọ́kọ́, Moríyọ̀ yọ̀ ṣubú nínú ẹrẹ̀ ìdí kànga.

"Adúmáradán mi, ẹsẹ̀ ẹ ò ní kan ẹrẹ̀ mọ́," Fàrúkù ṣèlérí.

Kí Sátidé mìíràn tó dé, ó ti fi òkúta tẹ́ ibẹ̀ yíká. Inú Moríyọ̀ dùn dọ́ba.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n ṣí apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin, obì inú wọn ti dúdú bí èédú.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣe obì," Alhaja wí, kò tilẹ̀ pariwo. "Irú eléyìí ò ṣẹlẹ̀ rí, àfìgbà tí ọmọ yìí kiwọ́ bọ̀ ọ́. Ọwọ́ ẹ̀ ò gba obì, Fàrúkù. Ẹ jẹ́ ká sún ìdána yẹn síwájú ná."

Ta ni kò mọ ohun tí "ká sún un síwájú" jẹ́ lẹ́nu ìyá ọkọ? Moríyọ̀ sunkún nínú takisí títí dé Ìlíṣàn. Ó dùn ún wọ egungun.

Ṣùgbọ́n omi ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó padà lọ bu omi kànga náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi wé ti ìgò ọjọ́ àkọ́kọ́. Iyọ̀ inú rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo òkúta ìdí kànga. Nǹkan funfun ti hu sí wọn lára.

"Fàrúkù, níbo lo ti rí òkúta yìí?"

"Èyí tí wọ́n dà nù níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ni. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún mi."

Ó yé Moríyọ̀ wàyí. Inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni òkúta náà wà tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí atẹ́gùn àti òjò kàn án ló bẹ̀rẹ̀ sí í tu iyọ̀ sílẹ̀. Òjò ń ṣàn án sínú kànga, omi yẹn ni wọ́n sì fi ń rẹ obì, òun ló sọ ọ́ di dúdú. Tó bá dákẹ́, ìdána bọ́. Tó bá sọ ọ́, ọkọ rẹ̀ ló ba ọjà ìyá rẹ̀ jẹ́. Ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an-yàn-an.

Ó rẹ òkúta méjì sínú omi òjò fún ọjọ́ mẹ́ta, ó gbé abọ́ náà síwájú Alhaja níṣojú Fàrúkù.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi ahọ́n kàn án."

Alhaja fi ahọ́n kàn án, ó tu ú dànù. "Iyọ̀ nìyí. Ta ló kó òkúta yìí wọlé mi?"

Moríyọ̀ ń wo ilẹ̀. Fàrúkù ló sọ̀rọ̀.

"Èmi ni, màámi. Mi ò fẹ́ kí ó tún yọ̀ ṣubú ni."

Alhaja wo ọmọbìnrin náà. "O mọ̀ pé òun ni, o jẹ́ kí n máa bá ọ wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Alhaja yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Fàrúkù, kó gbogbo ẹ̀ kúrò lónìí. Ọjọ́ ìdána ò yẹ̀. Ìyàwó mi, omi òjò wà nínú dúrọ́ọ̀mù, obì tuntun wà nílẹ̀. Bọ́ bàtà ẹ."

Fàrúkù kó òkúta náà kúrò. Moríyọ̀ bọ́ bàtà. Ẹrẹ̀ mù ún dé kókósẹ̀, ó sì rìn ín lọ síbi tí ìyá ọkọ rẹ̀ ti na ọwọ́ dè é.