Orúkọ Tó Wà Nídìí Ìkòkò Àparò

Ìyá àgbà tó ń jẹ́ Fusae ló kọ́kọ́ hùwà òmùgọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá wá mu tíì nílé wọn. "Ẹ má tíì dá ọmọ lẹ́bi," ni yóò wí, tí yóò máa fi ọwọ́ gbá itan. "Èmi ni mo dáná irọ́ náà. Ọmọ kàn bá mi fẹ́ ẹ ni."

Ọjọ́ ọdún àdúgbò ni. Ìyá àgbà ti da ife ọtí ìrẹsì mẹ́ta sọ́fun nígbà tí tẹlifóònù dún. Ọ̀gbẹ́ni Munekata ló pè, ọkùnrin kan láti ìlú Fukuoka tó ń kó ìkòkò tánńganran àtijọ́ jọ, pàápàá èyí tí àwọn obìnrin fi ọwọ́ ya àwòrán sí. Ó ń kọ ìwé nípa wọn, ó sì fẹ́ pàtẹ wọn fún aráyé wò tí ọdún bá yí. Ó ti gbọ́ pé obìnrin kan wà ní ìlú Arita tó fi ọdún méjìlélógún ya àwòrán ní ilé iṣẹ́ Shirotaki kó tó kógbá sílé, pé ìkòkò kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé orúkọ yín wà lára rẹ̀, màmá?" ni ọkùnrin náà béèrè.

"Ó wà ńbẹ̀ kẹ̀," ni ìyá àgbà fèsì. "Gbàgàdà ló wà nídìí rẹ̀."

"Mò ń bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀, nígbà náà."

Ẹnu ẹja ní ń pa ẹja. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nídìí ìkòkò náà, àfi àmì ilé iṣẹ́. Láyé ìgbà yẹn, àwọn obìnrin kì í kọ orúkọ sí iṣẹ́. Wọ́n á ya àwòrán títí ẹ̀yìn á fi máa ro wọ́n, ọ̀gá á fi àmì ilé iṣẹ́ sí i, ó parí.

Kozue, ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, jókòó tì í, ó ń bó ọsàn. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́.

"Màmá àgbà, irọ́ lẹ pa yẹn."

"Mo mọ̀. Ọtí ló pa á, èmi kàn yá a lẹ́nu ni."

"Ẹ pè wọ́n padà."

"Ó dọ̀la."

Ọ̀la dé, ó kọjá. Ojú ń ti ìyá àgbà, àgbàlagbà tójú ń tì kì í sì í tètè rí nọ́ńbà tẹlifóònù.

Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná ni ìkòkò náà máa ń wà. Àparò méjì ló wà lára rẹ̀, wọ́n fara pamọ́ sábẹ́ koríko gígùn, wúrà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ sì wà létí ìyẹ́ wọn. Ọ̀gá ló fi ta ìyá àgbà lọ́rẹ lọ́jọ́ tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ pa, nítorí àmì pupa kékeré kan tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kó ṣeé tà. Láti ọgbọ̀n ọdún wá, inú rẹ̀ ni igi tí ìyá àgbà fi ń họ ẹ̀yìn àti èyí tó fi ń pa eṣinṣin ń gbé.

Tí ẹnikẹ́ni bá béèrè ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìtàn kan náà ló máa ń sọ: pé ọlọ́wọ́ òsì ni òun, pé ìgúnpá òun a máa gbá ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ni ọ̀gá bá lé òun lọ sí ìparí bẹ́ńṣì fún ọdún méjìlélógún. "Bí ewúrẹ́ tó ń ṣu sílé," ni yóò wí, yóò sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Kozue ti gbọ́ ìtàn yìí títí ó fi sú u.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò sú u. Nínú gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n fín orúkọ àwọn ọ̀gá ńlá nídìí iṣẹ́ ìkòkò sára pákó. Ìyá àgbà a máa fi pákó náà ṣe yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀, Kozue ti rí i lẹ́ẹ̀kan tó dá dúró níwájú rẹ̀, tó ń ka orúkọ wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń wá èèyàn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Kozue ti pinnu pé orúkọ màmá àgbà òun á wà níbì kan kó tó kú. Inú ìwé Ọ̀gbẹ́ni Munekata ni ibì kan yẹn. Kò sì sí orúkọ nídìí ìkòkò.

Ẹ̀ka iṣẹ́ amọ̀ ni Kozue wà nílé ẹ̀kọ́. Shunpei, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ni iṣẹ́ ìléru tí wọ́n fi ń sun ìkòkò kàn lọ́sẹ̀ yẹn.

"Kí ló le ńbẹ̀?" ni Shunpei wí nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. "Fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ sí i, ká gbé e síná. Àyè wà lọ́sàn-án Ọjọ́rú. Olùkọ́ ń lọ sípàdé."

"Olùkọ́ ní ohun tó bá ti pẹ́ nílé kì í padà sínú iná. Ó ti mu ọ̀rinrin láti ọjọ́ yìí wá."

"Olùkọ́ náà ló ní ká má jẹun nínú yàrá iṣẹ́. Kí ló wà lẹ́nu ẹ yẹn?"

Kozue sáré gbé búrẹ́dì oníẹ̀wà tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì.

"Gbọ́," ni Shunpei tún wí. "Ta ló ya àwòrán ara ìkòkò náà?"

"Màmá àgbà mi."

"Ṣé o rí i? Òótọ́ lo fẹ́ kọ. Ta ní ń pe òótọ́ ní irọ́?"

Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí Kozue ju bó ti yẹ lọ. Ó ṣa àfọ́kù àwo jọ, ó kọ orúkọ ìyá àgbà sí wọn nígbà ogójì títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ ọn. Ní Ọjọ́rú, ìyá àgbà bá àwọn arúgbó àdúgbò lọ wẹ omi gbígbóná tó ń sun láti inú ilẹ̀ ní Ureshino fún ọjọ́ mẹ́ta. Kozue yọ igi eṣinṣin àti igi ẹ̀yìn kúrò nínú ìkòkò, ó fi súwẹ́tà wé e, ó gbé e lọ sílé ẹ̀kọ́. Ó fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ náà sí ìdí rẹ̀, wọ́n sì gbé e síná.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n ṣí ìléru. Orúkọ náà yọ dáadáa, pupa fòò. Ṣùgbọ́n ara ìkòkò tó ti ń funfun bí wàrà láti àádọ́ta ọdún ti kún fún àmì dúdú wínníwínní, láti ọrùn títí dé ìdí. Wúrà ìyẹ́ àparò sì ti ṣókùnkùn.

Shunpei fi èékánná ha ọ̀kan nínú àwọn àmì náà.

"Bóyá tí a bá fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́," ni Shunpei wí.

"Inú ló ti jáde wá. Kò ṣeé fọ̀."

"Má dárúkọ mi o."

Kozue fi súwẹ́tà wé ìkòkò náà padà, ó gbé e relé sí àyè rẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ orúkọ náà.

Ìyá àgbà dé ní alẹ́ Ẹtì, ara rẹ̀ pọ́n bí edé tí wọ́n bọ̀. Ó fi igi ẹ̀yìn họ ara, ó jù ú padà sínú ìkòkò láìwojú ìkòkò, ó sì sùn. Kozue ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lẹ́nu, híhanrun nìkan ló gbọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Munekata kò jẹ́ kí oòrùn Sátidé gbóná kó tó dé. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó rọra ń sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí ẹní, ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà ha ìkòkò, ó gbé ìkòkò náà súnmọ́ ilẹ̀ pẹ́kípẹ́kí bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun.

"Ọ̀gbẹ́ni," ni ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀, "kí ẹ tó wo ìdí rẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo..."

Ọkùnrin náà ti dorí ìkòkò kodò.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ orúkọ yìí, màmá?"

Ìyá àgbà wo orúkọ náà. Ó wo Kozue. Kozue rí i lójú rẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ló fẹ́ sọ, pé ó fẹ́ fi irọ́ kejì bo òun láṣìírí.

"Èmi ni mo kọ ọ́," ni Kozue wí kí ìyá àgbà tó lahùn. "Ọjọ́rú ni. Mo gbé e sínú ìléru ilé ẹ̀kọ́ láìgbàṣẹ. Iná yẹn ló mú àwọn àmì dúdú yìí wá. Màmá àgbà ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

Ìyá àgbà, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, sún mọ́ ìkòkò náà títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó wò ó, ó wò ó.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń pa eṣinṣin látinú ìkòkò yìí," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ wá wò ó, gbogbo ìran wọn ti wá ṣu sí i lára." Ẹ̀rín rẹ̀ kò lọ jìnnà lọ́tẹ̀ yìí. Ó kọjú sí àlejò. "Èmi ni mo kọ́kọ́ purọ́ fún yín lórí fóònù, ọ̀gbẹ́ni. Orúkọ mi ò fìgbà kan wà níbẹ̀. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé."

Ọ̀gbẹ́ni Munekata gbé ìkòkò náà sílẹ̀. "Mi ò lè pàtẹ rẹ̀," ni ó wí. "Bí mo bá gbé orúkọ tí wọ́n kọ ní Ọjọ́rú síta pẹ̀lú àwòrán àádọ́ta ọdún, wọ́n á máa fura sí gbogbo èyí tó kù." Ó mú aago rẹ̀, ó ń so ó mọ́ ọwọ́.

Kozue fi orí kanlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó sáré mú àwo funfun kan tó wà fún iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó gbé ọ̀dà aró àti búrọ́ọ̀ṣì wá, ó tò wọ́n síwájú ìyá àgbà.

"Ẹ ya koríko sí i."

"Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, ọmọ yìí."

"Ẹ ya á bó ṣe ń gbọ̀n."

Ìyá àgbà wò ó bí ẹni pé kò mọ̀ ọ́n rí. Ó fi ọwọ́ òsì mú búrọ́ọ̀ṣì, ó sì ya ewé márùn-ún. Ọwọ́ náà gbọ̀n lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ewé rẹ̀ ló sanra níbi tí ọwọ́ òsì ti gúnlẹ̀, tí orí wọn sì tẹ̀ sí apá kan náà, apá tí ọlọ́wọ́ ọ̀tún kan kò ní tẹ̀ ẹ́ sí láéláé.

Aago Ọ̀gbẹ́ni Munekata wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ì tíì so ó tán. Ó gbé àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Koríko àwọn àparò náà tẹ̀ bákan náà, ewé kọ̀ọ̀kan. Ó fa fọ́tò ìkòkò méjì yọ nínú báàgì rẹ̀, ti ilé iṣẹ́ Shirotaki, tí kò sí ẹni tó mọ obìnrin tó yà wọ́n.

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń wá ọwọ́ yìí," ni ó wí.

Ó ṣí ìwé tó ń kọ lọ́wọ́ síbi tí àwòrán ìkòkò méjì náà wà pẹ̀lú. Ó fi lẹ́ẹ̀dì kọ orúkọ ìyá àgbà sábẹ́ àwòrán méjèèjì, ó ní tí òun bá fi àwo náà wé àwọn ìkòkò náà fúnra wọn, òun á fi yíǹkì kọ ọ́. Ó wá kọjú sí Kozue. "Àárín gbọ̀ngàn ló yẹ kí ti àparò yìí wà. Kò sí èyí tó dára tó o nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ilé ló máa wà báyìí." Kò pariwo mọ́ ọn. Ìbá sàn kó pariwo.

Ní Ọjọ́ Ajé, Kozue lọ bá olùkọ́ kí ẹnikẹ́ni tó pè é. Wọ́n ní kó má fọwọ́ kan ìléru fún oṣù méjì, kó sì máa lọ ọ̀dà fún gbogbo kíláàsì lójoojúmọ́. Ó ń lọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ kẹta, Shunpei wá fúnra rẹ̀, ó sọ fún olùkọ́ pé ọwọ́ òun wà ńbẹ̀, ó mú ọmọ ọlọ kejì. Ọwọ́ àwọn méjèèjì ń ro wọ́n, ẹnu Shunpei kò sì sinmi síbẹ̀.

Nídìí ọlọ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti yé Kozue. Òótọ́ tí a bá lọ bá irọ́ yá aṣọ fún, irọ́ náà ni aráyé á rí. Àádọ́ta ọdún ni orúkọ màmá àgbà ti wà lára ìkòkò náà, nínú koríko, níbi tí ẹni tó bá fara balẹ̀ á ti rí i. Ìkánjú òun ló bà á jẹ́, kò sì sí ọ̀dà tó lè tún un ṣe.

Ìkòkò náà ti padà sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, òun àti igi eṣinṣin rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá àgbà ti àwo funfun síwájú Kozue, ó na búrọ́ọ̀ṣì sí i.

"Gbogbo ayé ti rí koríko tèmi," ni ó wí. "Tìrẹ ńkọ́, apá ibo ló ń tẹ̀ sí?"