Ọkọ̀ Tí Kò Ráyè Sùn

Ọkọ̀ funfun kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kan oníwáyà, ẹni tí ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ní orúnkún kí ó tó mọ̀ pé nǹkan kan wà lẹ́yìn òun. Kò gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, kò sì gbọ́ fèrè. Ó yí padà, ó rí obìnrin kan lẹ́yìn dígí, nínú aṣọ iṣẹ́ àwọn agbẹ̀bí, tí ó fi ọwọ́ bo ẹnu, tí èjìká rẹ̀ sì ń mì fún ẹ̀rín.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá," ni obìnrin náà wí bí ó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. "Ọkọ̀ mi kì í kí ènìyàn kí ó tó wọlé."

"Èmi ni kí n bẹ̀ yín," ni oníwáyà fèsì, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ohun tí òun ń tọrọ àforíjì fún. Tẹ́sítà tí ó fi ń yẹ iná wò ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Agbẹ̀bí gbé kámẹ́rà kékeré kan jáde nínú páálí. Ọlọ́kadà kan ti ha ọkọ̀ rẹ̀ lára ní ìkóríta, ó sì sọ fún ọlọ́pàá pé agbẹ̀bí ni ó kọ lu òun. Kò sí ẹlẹ́rìí. Nítorí náà ni ó ṣe fẹ́ ohun tí yóò máa bá a wo ojú ọ̀nà.

Oníwáyà yí ọkọ̀ náà po. Ọkọ̀ onípẹtiróòlù ni ó ń tún ṣe láti ìgbà tí ó ti dá iṣẹ́ sílẹ̀.

"N kò fọwọ́ kan ọkọ̀ oníbátìrì rí," ni ó wí. "Bí ẹ bá fẹ́ lọ bá ẹlòmíràn, n kò ní bínú."

"Àwọn ẹlòmíràn ti ní àwọn mọ̀ ọ́n dunjú. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ kò mọ̀ ọ́n ni mo fẹ́."

Ó lẹ kámẹ́rà mọ́ dígí iwájú, ó tẹ wáyà rẹ̀ bọ abẹ́ aṣọ òrùlé, ó sì fà á sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn àpò afẹ́fẹ́ tí wọ́n ká sínú ike ẹ̀gbẹ́ dígí, kí àpò náà má baà fa wáyà já bí ó bá bẹ́ lọ́jọ́ ìjàǹbá. Kò sún mọ́ àwọn wáyà aláwọ̀ ọsàn tí ó ń gbé agbára bátìrì ńlá. Bátìrì kékeré tí ó ń bọ́ rédíò àti iná inú ọkọ̀ ni yóò máa bọ́ kámẹ́rà pẹ̀lú.

Ibi tí ojú rẹ̀ ti kọ́kọ́ dàrú ni fíùsì. Nínú ọkọ̀ tí ó mọ̀, ẹ́ńjìnnì a kú, fíùsì tí iná ti kúrò lára rẹ̀, tí ó yẹ kí a so kámẹ́rà mọ́, a sì hàn gbangba. Èyí, wọ́n pa á, síbẹ̀ iná ń rìn káàkiri inú rẹ̀. Àfi kí wọ́n tì í pa, kí wọ́n sì dúró títí yóò fi sùn. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, yóò tún jí.

Wọ́n jókòó sórí àga gbọọrọ, wọ́n ń dúró de oorun ọkọ̀. Agbẹ̀bí dìde lọ mú omi rẹ̀. Iná tàn.

"Ó ti jí," ni oníwáyà wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo gbàgbé."

Nígbà tí ó yá, ó tún lọ mú àpamọ́wọ́ rẹ̀. Iná tún tàn. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ìka kan ṣoṣo ni ó fi kan ilẹ̀kùn, ó sì bojú wẹ̀yìn wo oníwáyà.

"Kí lẹ fẹ́ mú níbẹ̀?"

"N kò tíì rántí," ni agbẹ̀bí wí.

Nígbà tí ọkọ̀ náà sùn níkẹyìn, oníwáyà so kámẹ́rà mọ́ fíùsì kan. Báyìí ni ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Kí ìgbà òjò ọdún náà tó parí, "ẹ" ti di "o" láàrin wọn. Ọ̀gá Tẹ́sítà ni agbẹ̀bí ń pè é. Òun náà ń pe agbẹ̀bí ní Má-jẹ̀ẹ́-ó-sùn. Wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ ilé àti ọmọ kí ọkọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀ wàhálà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ránṣẹ́ pe agbẹ̀bí pé obìnrin kan ń rọbí. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ kò ṣí. Ó sáré lọ sí títì lọ wá ọkọ̀ mìíràn, ọmọ sì ti wáyé kí ó tó débẹ̀. Ìyá àti ọmọ yè, ṣùgbọ́n agbẹ̀bí sunkún padà dé ilé.

Oníwáyà wá. Bátìrì kékeré ti gbẹ. Ó yẹ wáyà wò, kò rí àléébù. Ó sún kámẹ́rà sí fíùsì mìíràn. Kò pẹ́, bátìrì tún kú, ó sì tún kú lẹ́yìn ìyẹn.

"Bí ó bá jẹ́ pé o fẹ́ rí mi," ni ó wí pẹ̀lú ẹ̀rín, "ṣe ni kí o pè mí. Má pa bátìrì mọ́, ẹ̀mí mi."

"Èmi? Mo rò pé ìwọ lò ń fi àléébù sílẹ̀ kí n lè máa pè ọ́."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n wo ara wọn, ẹ̀rín sì tán. Bí kì í bá ṣe agbẹ̀bí, tí kì í sì í ṣe oníwáyà, ta wá ni?

Bàbá agbẹ̀bí, tí ó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ awakọ̀ èrò, tí ìyàwó rẹ̀ sì ti kú, ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Kò ka ọkọ̀ náà sí. Áyọ́ọ̀nù tó ní táyà ni ó ń pè é. Nígbà tí àwọn méjèèjì wá sọ fún un pé àwọn fẹ́ fẹ́ ara wọn, ó gbọ́ wọn tán, ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀.

"Ọ̀gá oníwáyà, yálà o kò mọ iṣẹ́ rẹ, tàbí o mọ̀ ọ́n jù. Lọ wá ohun tó ń pa bátìrì ọmọ mi. Títí wàá fi rí i, n kò fọwọ́ sí nǹkan kan."

Láti ọjọ́ náà ni oníwáyà kò ti fi ọkàn tán ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ tí ó ti ṣe parí fún àwọn oníbàárà mìíràn, ó ń padà lọ tú wọn wò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó lọ sí ilé náà láìsọ tẹ́lẹ̀. Agbẹ̀bí ti ti ibi iṣẹ́ dé, ó ń sùn. Ọkọ̀ wà lábẹ́ òjìji ilé, Bàbá sì wà nínú rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lórí ìdarí ọkọ̀, rédíò ń ka ìròyìn. Oníwáyà kan dígí.

"Wọlé, kí o ti ilẹ̀kùn," ni Bàbá wí.

"Ẹ kú ìsinmi, sà."

Wọ́n gbọ́ ìròyìn eré bọ́ọ̀lù tán kí oníwáyà tó béèrè: "Ṣé ojoojúmọ́ ni, sà?"

"Bí ọmọ mi bá ti sùn ni. Ilé dákẹ́ jù. Ibí náà dákẹ́, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé mo ń lọ síbì kan."

"Rédíò nìkan lẹ máa ń tàn, ẹ kì í tẹ bọ́tìnnì ìwakọ̀?"

"Kí n tẹ̀ ẹ́ kí ó gbé mi lọ síbo?"

"Bí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́, sà, bátìrì ńlá kì í bọ́ kékeré. Rédíò ń jẹ ẹ́, kámẹ́rà ń jẹ ẹ́, ọkọ̀ kò sì ráyè sùn."

Ojú Bàbá dàrú. "Èmi ni mò ń pa á?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Bàbá pa rédíò. "Ó sunkún ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọmọ yẹn. Má sọ fún un pé èmi ni. Mo bẹ̀ ọ́." Ó gbójú sókè wo kámẹ́rà. "Ṣé nǹkan yìí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wa?"

"Ó ń gbọ́, sà. Ó ti gbọ́ àwa méjèèjì."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, oníwáyà dúró níwájú agbẹ̀bí. "Àṣìṣe mi ni," ni ó wí. "Ibi tí kò yẹ ni mo so kámẹ́rà mọ́, òun ló ń pa bátìrì."

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

Agbẹ̀bí wò ó bí ẹni tí ó ń wo àlejò. "Obìnrin yẹn bímọ láìsí mi níbẹ̀, o sì jókòó sí iwájú mi, ò ń bá mi ṣe yẹ̀yẹ́ bátìrì. Tú nǹkan rẹ kúrò, kí o máa lọ."

Ó tú kámẹ́rà, ó ká wáyà rẹ̀ dáadáa, ó gbé e ka orí tábìlì pẹ̀lú gbogbo ohun tí kámẹ́rà náà ti gbọ́. Kò ní kí agbẹ̀bí fetí sí i. Ó lọ.

Agbẹ̀bí kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó kó ọ̀rọ̀ náà sọ́tùn-ún, ó kó o sósì, kò bá ara mu. Ọkùnrin tí kò tijú láti sọ pé òun kò mọ̀, kí ni yóò fi àṣìṣe pamọ́ fún? Bàbá jókòó ní ìkángun tábìlì kejì, ó ń wò ó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí oúnjẹ àárọ̀ tún tutù síbẹ̀, Bàbá mú kọ́kọ́rọ́ lórí tábìlì.

"Dìde. Fi ilé ọkùnrin yẹn hàn mí."

Ó wọ ibi ìjókòó awakọ̀, ó tẹ bọ́tìnnì, ó sì mú ọkọ̀ jáde láìwò yíká.

"Bàbá, níbo lẹ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa èyí?"

"Ojoojúmọ́ ni mò ń jókòó sínú rẹ̀, bí o bá ti sùn. Èmi ni mò ń pa bátìrì rẹ, ọmọ mi. Ọkùnrin yẹn bá mi nínú rẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ kí ó má sọ."

Agbẹ̀bí kò mọ ẹni tí òun ìbá bínú sí nínú àwọn méjèèjì.

Wọ́n bá oníwáyà lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó ń sá aṣọ. Bàbá kò sọ̀ kalẹ̀. Agbẹ̀bí nìkan ni ó lọ bá a.

"Kí ló dé tí o fi parọ́ fún mi?"

"Bàbá bẹ̀ mí."

"Bí ó bá bẹ̀ ọ́ kí o fi mí sílẹ̀ ńkọ́?"

Oníwáyà wo ẹ̀wù tútù tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo rò pé ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn."

"N kò fẹ́ ọkọ tí yóò máa dààmú mi láti bo àṣírí ẹlòmíràn, kódà bí ẹlòmíràn náà bá jẹ́ bàbá tó bí mi. Òtítọ́ ni kí o máa bá mi sọ, ì báà dùn, ì báà korò."

"Mo gbọ́. N kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Ó yá, béèrè lọ́wọ́ mi."

"Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Níbo la ó máa gbé?"

Oníwáyà bojú wo ọkọ̀, níbi tí bàbá arúgbó náà jókòó sí, tí ó ń díbọ́n pé òun kò wo àwọn. "Nítòsí Bàbá," ni ó wí. "Kí ilé wa wà níbi tí ó lè fẹsẹ̀ rìn dé."

Agbẹ̀bí gba ẹ̀wù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó sá a sórí okùn. "Ó dáa," ni ó wí.

Bàbá yọrí lójú fèrèsé. "Kí ló sọ?"

"Ó ní ó dáa, sà."

"Ó dáa náà. Ẹ wá wọkọ̀. Kí ọ̀kan nínú yín sì wá bá mi yí i padà, nítorí n kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fi í rìn sẹ́yìn."