Ìka Mẹ́wàá Ssebowa

Ní ọjọ́ tí Nakimera kọ́kọ́ wọ ọgbà onípákó ní Ndeeba, pákó mẹ́ta ló rù lórí láìfọwọ́ dì í mú, ọrùn rẹ̀ sì dúró ṣánṣán. Ssebowa, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi ayùn orí tábìlì la igi fún àwọn káfíńtà àdúgbò, gbójú sókè wò ó. Ayùn ṣì ń yí níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá ń la igi kì í gbójú sókè. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

"Ẹ pa á," ni ọmọbìnrin náà wí.

"Kí ni kí n pa?"

"Ẹ̀rọ yín. Tí ẹ bá fẹ́ wo èèyàn, ẹ kọ́kọ́ pa á."

Àwọn tó ń to pákó nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ssebowa pa ẹ̀rọ. Nakimera sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí i bí ó ti yẹ, àfi bí ẹni pé kì í ṣe òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a wí tán. Lẹ́yìn náà ló ní kó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọkùnrin náà nà án láìmọ ìdí, ọmọbìnrin náà sì ka ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mẹ́wàá. Ọdún mélòó lẹ ti ń ṣe é?"

"Mẹ́rin."

"Orí yín ló ń ṣọ́ yín, kì í ṣe ọgbọ́n. Ọ̀bẹ ẹ̀yìn ayùn yín dà?"

Ojú ti Ssebowa. Irin pẹlẹbẹ tó yẹ kó dúró lẹ́yìn ayùn, tí kì í jẹ́ kí igi tí a là padà há ayùn mọ́ra, orí ìṣó lára ògiri ló ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí ó ní ó ń dí òun lọ́wọ́. Bí igi bá sì há ayùn mọ́ra, ikùn ẹni tó ń tì í ni ayùn ń ju igi náà sí. Nakimera ní wọn kò ní la pákó òun àfi tí irin náà bá padà sáyè rẹ̀. Ilé oyin ló fẹ́ fi pákó náà kàn, iṣẹ́ tí òun àti bàbá rẹ̀ ń ṣe ní Nateete nìyẹn, ogójì ni oníbàárà kan sì ní kí wọ́n kàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ssebowa dá irin padà. Obìnrin náà ní kó rẹ ayùn sílẹ̀ kó fi díẹ̀ péré ga ju pákó lọ. Ó ní kó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, kó sì yà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ṣé ìwọ lo máa là á ni àbí èmi?"

"Ẹ̀yin ni. Èmi ni mo máa sọkún tí ó bá ṣe yín léṣe."

Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rò ó. Ssebowa yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó tan ẹ̀rọ.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Nakimera ń wá. Pákó rẹ̀ ń dín kù, ìjókòó rẹ̀ sì ń pẹ́ sí i. Ssebowa a ra gbágùúdá sísun, wọn a pín in. Lọ́jọ́ kan, pákó kan ṣoṣo ló rù wá.

"Láti Nateete, nítorí pákó kan?"

"Ó wúwo, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Ọkùnrin náà fa igi pẹlẹbẹ kan yọ lábẹ́ tábìlì, ó ti gbẹ́ oyin kékeré sí ibi ìdìmú rẹ̀. Òun ló ń fi ti pákó báyìí dípò ọwọ́. "Ìka mi kì í súnmọ́ ayùn mọ́," ló wí. "Mò ń tọ́jú wọn dè ọ́, ìfẹ́ mi."

Ṣùgbọ́n nígbà tí Nakimera sọ nílé pé Ssebowa ni òun fẹ́ fẹ́, Kiberu, bàbá rẹ̀, gbé ọwọ́ òsì sókè. Ìka mẹ́ta ló kù níbẹ̀. Òun náà ti la igi ní Ndeeba rí. Bí wọ́n bá mú iná lọ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í pa ẹ̀rọ. Wọn á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ mu tíì, kó lè jẹ́ pé ariwo ayùn ni yóò pè wọ́n tí iná bá dé. Kiberu ń yọ èérún igi tó há sí ẹnu ayùn lọ́jọ́ náà ni iná dé.

"Aláyùn kọ́," ló wí. "Mi ò fẹ́ kí o máa jókòó sílé, kí o máa rò pé o ti di opó."

Nakimera sunkún lọ bá ssenga rẹ̀, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, nítorí ọwọ́ ssenga ni ọkọ ń gbà wọlé lọ́dọ̀ wọn. Ssenga ro ẹjọ́ títí ó fi sú bàbá.

"Ó dáa, màá lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan," ni Kiberu wí. "Tí mo bá rí àṣìṣe kan, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ọmọ náà fún mi mọ́."

Nakimera lè ránṣẹ́ kìlọ̀ fún Ssebowa. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní bí òun bá kìlọ̀ fún un, òun kò ní mọ irú ẹni tí òun fẹ́ fẹ́. Kò fojú kan oorun títí ilẹ̀ fi mọ́.

Bàbá wọ ọgbà bí oníbàárà, Nakimera sì fara pamọ́ sí ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta ìṣó ní òdìkejì ọ̀nà. Pákó wà ní àárín lílà nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Gbogbo ayùn dákẹ́, gbogbo èèyàn kọrí sídìí tíì. Ssebowa nìkan ló pa súìṣì. Ó yọ wáyà kúrò lára ògiri, ó gbé orí wáyà náà lé tábìlì níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i, kó tó fa pákó náà jáde.

"Bàbá, ẹ jókòó, ẹ sinmi. Iná á dé."

Bàbá kò jókòó. Ó rìn lọ sídìí ẹ̀rọ, ó sì gbé ọwọ́ oníka mẹ́ta náà lé eyín ayùn. Nakimera rí i, ó sì sáré sọdá ọ̀nà láìwo ọkọ̀. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn tí iná fi dé. Gbogbo ayùn Ndeeba ké lẹ́ẹ̀kan náà. Ti Ssebowa kò mira.

"Kí ló ń lé ọ?" ni bàbá bi í.

"Ọwọ́ yín, Bàbá."

"Mo ti rí orí wáyà kí n tó na ọwọ́. Ṣé ọmọdé ni mí?" Ṣùgbọ́n omi ti dé ojú rẹ̀. Ó yíjú sí Ssebowa. "Ta ló kọ́ ọ kí o máa yọ ọ́?"

"Ọmọbìnrin kan ló sọ fún mi bí ìka bàbá rẹ̀ ṣe lọ. Láti ìgbà yẹn, bí iná bá lọ, bàbá yẹn ni mò ń rántí."

Ìgbà yẹn ló tó gbójú kúrò lára pákó, tó rí Nakimera àti ọwọ́ oníka mẹ́ta náà, tó sì mọ ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí lẹ́búlẹ́bú igi.

"Kọ lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó rẹ," ni Kiberu wí. "Ssenga á mú un wá fún mi."

Lọ́jọ́ tí ẹbí méjèèjì wá mọ ara wọn, Ssebowa wọ kanzu, ẹ̀wù funfun gígùn, ó sì gbé àkùkọ fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó lọ́kùnrin bí àṣà wọn ti wí. Àwọn alága ṣì ń pa òwe fún ara wọn nígbà tí Kiberu dá wọn dúró, tó ní kí ọmọ náà na ọwọ́. Nakimera dìde, ó ka ìka ọkọ rẹ̀ sókè lójú gbogbo ènìyàn.

"Mẹ́wàá."

"Mẹ́wàá tirẹ̀, mẹ́wàá tìrẹ," ni bàbá wí, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì sókè, "mẹ́jọ tèmi. Ó tó fi kọ́ ilé."

Ẹ̀rín gba gbogbo àgọ́. Nakimera fẹ́ padà sáyè rẹ̀, ṣùgbọ́n Ssebowa kò tíì ká ọwọ́ kò.

"Tún un kà," ló sọ fún un wúyẹ́wúyẹ́.

Ó sì tún un kà.