Jẹ́ẹ̀tì Tó Kéré Jù

Eyínafẹ́ fẹ́ atẹ́gùn gba inú jẹ́ẹ̀tì, irin kékeré inú kábúrétọ̀, kọjá, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, ó dijú kan, ó sì fi èkejì yọjú wo ihò inú rẹ̀. Ihò náà tín-ín-rín bí ojú abẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni epo ń gbà jáde nínú kábúrétọ̀ nígbà tí alùpùpù bá ń sáré. Ó fi sukudiráfà kékeré dè é sí àyè rẹ̀, ó dé kábúrétọ̀ náà padà, ó yí sukúrù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀, ó sì nu ọwọ́ sí àkísà.

"Èwo lo wá fi sí i?" Kíá bi í. Ọmọ iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni Kíá. Wọ́n fún un lórúkọ yẹn nítorí pé kì í parí iṣẹ́ kan kó tó kì mọ́ òmíràn.

"Èyí tó kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni. Ṣé o ò rí púlọ́ọ̀gì ni? Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Epo ń pọ̀ jù fún un."

"Èmi ò sọ nǹkan kan o. Ìwọ ni dókítà."

Alùpùpù àtijọ́ ni, Ìyá Agbẹ̀bí ló sì ni ín, obìnrin tó máa ń gùn ún lọ gbẹ̀bí fún àwọn aláboyún ní òdìkejì òkè. Sàlẹ́ńsà rẹ̀ ti dípẹtà títí ó fi lu, àpótí asẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ti fọ́. Kò sẹ́ni tó ń ṣe irú wọn mọ́. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá Eyínafẹ́ tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, ti wá fi sàlẹ́ńsà mìíràn tí inú rẹ̀ ṣí gbayawu sí i, ó sì fi asẹ́ tí kò ní àpótí rọ́pò èyí tó fọ́. Láti ìgbà náà ni ẹ́ńjìnnì náà kò ti ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́.

Láàárọ̀ Sátidé yìí, Bàbá Kékeré ń lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, ó sì ní kí Eyínafẹ́ wá jẹ́ẹ̀tì tó máa bá a mu. Kò gbé kábúrétọ̀ lé e lọ́wọ́ rí. "Tó bá rú ọ lójú, fi í sílẹ̀ kí o dúró dè mí." Ohun tó wí nìyẹn kó tó jáde.

Eyínafẹ́ ta alùpùpù náà. Ó dún jẹ́ẹ́, kò yọ èéfín. Inú rẹ̀ dùn. Ó dé akoto, ó gùn ún jáde sí òpópó. Nígbà tó fún un níná díẹ̀, ó gbé e. Nígbà tó fún un níná kọjá ìdajì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì ń fà sẹ́yìn bíi pé ẹnìkan dì í mú nídìí.

Ó padà wọlé, ó jókòó tì í. Nígbà tó dúró lójú kan, púlọ́ọ̀gì sọ pé epo pọ̀ jù. Tí epo bá pọ̀ jù lóòótọ́, kí ló dé tó ń ṣe bí ẹni tí ebi ń pa lójú ọ̀nà? Ó tún yí sukúrù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kábúrétọ̀. Ó gbé abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ sókè, ó tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó yí sukúrù padà. Nígbà tó yá, kò rántí ibi tí ohunkóhun wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Epo tó jó dànù láàárọ̀ yẹn ì bá ti gbé ẹnìkan dé orí òkè kó sì gbé e bọ̀.

Ìyá Agbẹ̀bí yọ sí wọn. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi, báwo lẹṣin mi?"

Kíá sọ wúyẹ́wúyẹ́ sí Eyínafẹ́ létí. "Sọ fún un pé ó ti tán. Alùpùpù tó dàgbà jù ẹ́ lọ, ṣé o fẹ́ kó máa fò ni?"

Eyínafẹ́ wo kábúrétọ̀, ó wo Kíá. Bó bá sọ pé òun ò mọ̀, ta ni yóò tún fi kábúrétọ̀ lé òun lọ́wọ́?

"Ó ti tán, mà."

"Ṣé kò ní dá mi dúró lọ́nà?"

"Rárá o, mà."

Obìnrin náà gùn ún lọ sí òkè. Bàbá Kékeré ti dé láti ọ̀dọ̀ wẹ́dà kí wọ́n tó tún rí Ìyá Agbẹ̀bí. Obìnrin náà àti ọkùnrin kan ló jọ ń ti alùpùpù náà bọ̀. Ìgbúnwọ́ rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níbẹ̀.

"Ẹ́ńjìnnì ló gan lójijì lórí òkè," ó wí. "Táyà ẹ̀yìn dúró gbagidi. Mo ti wà nílẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mo ṣubú."

Bàbá Kékeré gbé àga fún un. Kò pariwo. Ó tú orí ẹ́ńjìnnì, ó pe Eyínafẹ́, ó fi ẹ̀gbẹ́ písítìnnì hàn án. Ara rẹ̀ ti họ. "A lè fá èyí kó dán. Epo tí kò tó ló mú un gbóná títí ó fi gan. Ká ní ó pẹ́ díẹ̀ sí i, ó ti jó nìyẹn. Kí lo rí tí o fi dín jẹ́ẹ̀tì kù?"

"Púlọ́ọ̀gì dúdú, sà."

"Ìgbà wo lo yọ ọ́?"

"Lẹ́yìn tó ti ń dún lójú kan fún ìgbà díẹ̀."

"Jẹ́ẹ̀tì tí o pààrọ̀ yẹn kì í ṣiṣẹ́ kankan nígbà tó bá dúró lójú kan. Sukúrù ló ni ibẹ̀. Ṣé o yí sukúrù náà?"

"Mo yí i, sà. Ìgbà kan náà tí mo pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì ni."

"Sukúrù ló wo ibẹ̀ sàn, ìwọ wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ jẹ́ẹ̀tì. Sàlẹ́ńsà tuntun àti asẹ́ tuntun ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọlé. Tí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ sí i, kí ló yẹ kí epo ṣe?"

"Kó pọ̀ sí i." Eyínafẹ́ dáhùn. "Mo rí i pé ó ń fà sẹ́yìn, sà. Ó rú mi lójú. Mo kàn sọ pé ó ti tán ni."

Kíá ń wo ilẹ̀.

Ìyá Agbẹ̀bí ń di ìgbúnwọ́ ara rẹ̀. "Gbọ́, ọmọ mi. Tí obìnrin bá ń rọbí, tí mi ò mọ ohun tó ń ṣe é, ilé ìwòsàn ni mò ń gbé e lọ. Ojú kì í tì mí. Tí mo bá jẹ́ kí ojú tì mí, òun ló máa kú, kì í ṣe èmi."

Eyínafẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú."

"Dìde. Wá tún un ṣe."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí Bàbá Kékeré ti fá písítìnnì tó sì to ẹ́ńjìnnì padà, òun àti Eyínafẹ́ lọ sí ìdí òkè. "Nǹkan kan ni kí o máa yí lẹ́ẹ̀kan," ó kìlọ̀ fún un. Eyínafẹ́ fi jẹ́ẹ̀tì tó tóbi ju ti àtijọ́ pàápàá lọ sí i. Ó gùn ún sókè, ó fún un níná tán pátá, ó sì pa á lẹ́ẹ̀kan náà láìjẹ́ kó rọra kú, kí púlọ́ọ̀gì lè sọ bí iná inú ẹ́ńjìnnì ṣe rí lórí eré gan-an. Ó yọ ọ́. Ó funfun: epo kò tíì tó. Ó fi èyí tó tóbi sí i sí i, kò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, ó sì tún gùn ún. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọ̀ púlọ́ọ̀gì náà dà bí awọ ẹ̀pà: epo ti tó. Bàbá Kékeré wò ó, ó sì dá a padà fún un kó dè é.

Ìyá Agbẹ̀bí wá gbé e ní ìrọ̀lẹ́.

"Ó dáa lójú kan, ó sì dáa lórí eré, mà," Eyínafẹ́ wí. "Ṣùgbọ́n tó bá tutù, ó máa ń kọ́sẹ̀ díẹ̀ láàárín méjèèjì. Bàbá Kékeré ní kò lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Mi ò tíì mọ ohun tó fà á."

"Ó dáa bí o ṣe sọ fún mi. N ó jẹ́ kó gbóná kí n tó gùn ún." Ó ta á, ó sì lọ.

Kì í ṣe ìtìjú kí nǹkan rú ọmọ iṣẹ́ lójú. Kò sí ẹni tó kọ́ṣẹ́ tí irú rẹ̀ kò ṣe rí. Ẹni tó bo ohun tí kò yé e mọ́lẹ̀ ló ń fi ara ẹlòmíràn wewu, ìyẹn ni kò sì dára.

Eyínafẹ́ kó jẹ́ẹ̀tì tó kù sínú agolo wọn, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ó kí Bàbá Kékeré pé ó dàárọ̀, ó sì gba ilé lọ.