Ọkọ̀ Tí Kò Ní Rífáàsì

Ẹni tó bá wù, kó pè mí lópùrọ́. Ojú mi ló ṣe, ọwọ́ mi méjèèjì yìí ló sì tú jíà ọkọ̀ náà. Mẹkáníìkì ni mí. N kì í sọ ohun tí n kò fọwọ́ kàn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fẹ́ ra ọkọ̀. Tíṣà ni. Kíndìnrín ọkọ rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nílé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò lè gun bọ́ọ̀sì mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ pé káfíńtà àgbà kan ń ta ọkọ̀ lọ́pọ̀, ó ní kí n bá òun wò ó.

Ọ̀sán la débẹ̀. Ọkọ̀ náà wà nínú ọgbà, ó kẹ̀yìn sí ògiri, ó kọjú sí géètì. Ó mọ́ tónítóní. Mo ṣí bónẹ́ẹ̀tì, mo ní kí baba sítáàtì rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ológbò tó ń sùn.

"Baba, kí ló ṣe é tẹ́ ẹ fi ń tà á lọ́pọ̀ báyìí?"

"Kò ní rífáàsì. N ò ní tàn yín."

"Ta ló ń wà á?"

"Ọmọkùnrin mi." Ó wo ilẹ̀. "Àwa la sin ín, dípò kó sin wá."

Ẹ̀gbọ́n mi kí i kú àmúmọ́ra. Mo wọ inú ọkọ̀. Mo fa jíà sí rífáàsì. Ó dún gìrìrì, ọkọ̀ ò mira.

Mo fa ẹ̀gbọ́n mi sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ọkọ̀ tí kò lè fi ẹ̀yìn rìn, bí ẹni tí kò mọ 'ẹ má bínú' ni. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tó máa wọ ibi tí kò ní lè jáde."

"Ilé ìwòsàn ni mò ń lọ. Iwájú ló wà."

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú u wò ná."

Baba gbà ká gbé e lọ ṣọ́ọ̀bù mi. Bí mo ṣe ń wà á jáde, ìyàwó rẹ̀ yọ sẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, aṣọ ìnuwọ́ wà léjìká rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, kílẹ̀ tó ṣú o," ló wí. "Kì í pẹ́ níta."

Mo ṣebí ọkọ̀ ló ń sọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù, mo sọ jíà kalẹ̀. Eyín jíà kékeré tó ń gbé ọkọ̀ lọ sẹ́yìn ti jẹ tán, ó ń dán bí òkúta odò. Kò sí irú rẹ̀ lọ́jà mọ́. Mo yọ ọ́ kúrò pátápátá kó má bàa ba ìyókù jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: kò sí ohunkóhun nínú ọkọ̀ yẹn mọ́ tó lè gbé e lọ sẹ́yìn.

Ìrọ̀lẹ́ la gbé e padà. Èmi ni mo wà á, ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì mí. Òkè díẹ̀ ni ọgbà náà wà. Mo ṣèèṣì kọjá géètì kí n tó dúró. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo fa bíréèkì ọwọ́ sókè. Mo fẹ́ bọ́ sílẹ̀ lọ pe baba, kó bá wa tì í wọlé.

Ẹyẹ tó ń ké lórí wáyà dákẹ́. Gbogbo nǹkan dákẹ́. Mo ń gbọ́ èémí ara mi.

Ọkọ̀ náà mira.

Ó ń lọ sẹ́yìn. Díẹ̀díẹ̀. Ó ń gun òkè.

"Àbúrò, kí lò ń ṣe?"

"N ò fọwọ́ kan nǹkan kan."

Ọwọ́ mi wà lórí itan mi. Sítíárì ń yí níwájú mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí ẹni tó mọ̀nà dì í mú. A gba àárín géètì kọjá láì ha á. Ọkọ̀ dúró síbi tó wà lọ́sàn-án gan-an.

Ìyá náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Káàbọ̀, ọkọ mi." Ojú rẹ̀ wà lára mi, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló ń wò. "Oúnjẹ wà lórí tábìlì. Má jẹ̀ẹ́ kó tutù."

Ó wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú.

Baba wá bá wa. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Bí ọmọ wa ṣe máa ń wọlé nìyẹn nígbà tó wà láyé. Mo ti ti ọkọ̀ yìí síta rí, mo ti gbé e lọ sí òpópónà kejì. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, á wọlé."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fẹ́ tà á?" ni mo béèrè.

"Ìyá rẹ̀ kì í jẹun mọ́. Oúnjẹ tó bù fún un ló ń jókòó tì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọ̀kan ti lọ, ọmọ mi. N ò fẹ́ kó di méjì."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú wo ọkọ̀ náà. Mo mọ ohun tó ń rò. Ẹsẹ̀ tó wú nílé ló ń rò.

"A ó rà á," ló wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tá a wá gbé e, ìyá náà tẹ̀ lé wa dé géètì. Ó fọwọ́ pa bónẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń pa orí ọmọ jòjòló. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Ọmọ mi, ṣé ó mọ ilé rẹ?"

Ẹ̀gbọ́n mi ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó wọkọ̀, ó bú sẹ́kún.

Ọkọ̀ náà gbé ọkọ rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn, ó gbé e dé. Kò yọnu rárá. Nírọ̀lẹ́, àwa méjèèjì dúró lójú fèrèsé, à ń wò ó. Kò mira.

Fóònù ẹ̀gbọ́n mi dún. Baba ni. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ kí ohùn rẹ̀ máa jáde síta kémi náà lè gbọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọkọ̀ náà wà lọ́dọ̀ yín?"

"Ó wà níbí, sà. Mò ń wò ó."

A ń gbọ́ bí Baba ṣe ń mí.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé síbí ni," ló wí. "A gbọ́ ìró táyà. Ìyá rẹ̀ ti lọ ṣí géètì."

"Kí lẹ rí, Baba?" Èmi ni mo béèrè.

"Kò sí nǹkan kan. Ilẹ̀ lásán ni."

Lẹ́yìn rẹ̀, a gbọ́ ohùn ìyá náà. Ó ń béèrè nǹkan, ẹ̀rín wà nínú ohùn rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń gbọ́ èsì.

"Ẹn-ẹn?" ló wí. "O ò sì sọ fún mi."

Wọ́n fa àga kan nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n fa òmíràn.

"Ẹ̀yin lẹ fa àga yẹn, Baba?" ni ẹ̀gbọ́n mi béèrè.

Fóònù kú.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi pè láti inú yàrá, ó ní ta ni.

"Wọ́n ṣi nọ́ńbà pè ni," ni ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn.

A ò pè é padà. Títí dòní, baba náà ò pè wá mọ́.