Oògùn Tí Wọ́n Kọ Fún Àbúrò

Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ kò tíì lù tí Ìyá Alágbàfọ̀ ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá, tó sì ti fi wọ́n kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni, nǹkan oṣù rẹ̀ sì ti dáwọ́ dúró láti ọdún mẹ́ta. Láti ìgbà náà ni ooru kan ti máa ń ṣàdédé dìde láti àyà rẹ̀ dé ojú, tí òógùn á bò ó bí ẹni tí wọ́n da omi lù. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná níwájú, iná nínú ara!

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú àárọ̀ yìí, àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ akọ̀wé nílé ẹjọ́, bá a níbi tó ti ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ra.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ní kú sídìí áyọ́ọ̀nù o. Dókítà kọ oògùn yìí fún mi, ooru tèmi sì ti rọlẹ̀. Ẹ gba páálí kan."

"Ṣé kò ní ṣe mí ní nǹkan?"

"Ṣebí ìyá kan náà ló bí wa?"

Ìyá Alágbàfọ̀ rẹ́rìn-ín, ó gbà á. Nígbà tí ooru náà kò tètè lọ, ó sọ hóró kan di méjì lóòjọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sì sẹ́ni tó rántí pé nígbà tó bí àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dì sí i lẹ́sẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wú láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, ó sì ń gbóná. Ó rò pé ìdúró ló fà á. Bó ṣe nawọ́ sí ṣẹ́ẹ̀tì kejìlá, àyà fún un, kò lè mí kanlẹ̀ mọ́. Ọkọ rẹ̀, káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òdìkejì títì, gbọ́ nígbà tí áyọ́ọ̀nù já bọ́. Ó sáré wọlé, ó fa wáyà yọ, ó gbé ìyàwó rẹ̀, ó di ilé ìwòsàn.

"Oògùn wo ni màmá ń lò?" ni dókítà, obìnrin kan tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò, béèrè.

"Kò lo oògùn kankan," ọkọ dáhùn.

Àbúrò, tí wọ́n ti fóònù pè, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, ó ń mí hẹlẹ. Ó lè dákẹ́. Ta ni ì bá mọ̀? Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó gbé páálí oògùn sórí tábìlì.

"Wọ́n ń lo èyí. Èmi ni mo fún wọn."

Ojú ọkọ pọ́n. "Ìwọ?"

"Èmi ni. Ẹ bínú sí mi tó bá yá. Ẹ jẹ́ kí dókítà gbọ́ ná."

Ká má purọ́, ọ̀pọ̀ wa ni kò ní í láyà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló la ọ̀nà fún dókítà. Kíá ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ̀jẹ̀ ti dì lẹ́sẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ti já lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún un lábẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà dì sí i.

Lọ́jọ́ kẹta, tí èémí ti bọ̀ sípò, dókítà jókòó tì wọ́n.

"Ẹsitirójìn ló wà nínú oògùn yìí, èròjà tí ara obìnrin ń ṣe tẹ́lẹ̀, tó ń dín kù nígbà tí nǹkan oṣù bá lọ. Tẹ́ ẹ bá gbé e mì, ìfun á fà á sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yẹn á sì kọ́kọ́ gbé e lọ sínú ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ á fọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, á sọ òmíràn di oríṣi tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba ló máa kù tó ń lọ káàkiri ara. Tó bá yá, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á bá ìtọ̀ jáde."

"Bíi ti bodè," ọkọ wí, "tí wọ́n á kọ́kọ́ tú ẹrù wò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń kọjá, ó ń ti ẹ̀dọ̀ láti ṣe àwọn ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Ara ọ̀pọ̀ obìnrin ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì lẹ́sẹ̀ rẹ̀ rí, bí ẹ ṣe sọ fún wa pé ó ṣe yín nígbà tí ẹ bí àbígbẹ̀yìn, ewu ńlá ni fún un."

"Àbúrò mi ńkọ́? Ṣé kó jù ú nù ni?"

"Rárá o. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó kọ ọ́ fún un. Òmíràn tún wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ara; inú ẹ̀jẹ̀ ló ń wọ̀ tààrà, kì í kọ́kọ́ ya ẹ̀dọ̀, ewu ẹ̀jẹ̀ dídì rẹ̀ sì kéré. Ní tiyín, màmá, a máa wá oògùn ooru tí kò ní ẹsitirójìn nínú."

Ìyá Alágbàfọ̀ padà sílé, àmọ́ ẹsẹ̀ yẹn ṣì máa ń wú tó bá di ìrọ̀lẹ́. Ìjókòó ló fi ń lọṣọ báyìí. Ọkọ rẹ̀ kò kí àbúrò ìyàwó rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, àfìgbà tí ìyàwó bá a wí: "Òun ló ṣe mí, òun náà ló gbà mí là. Tó bá dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹkún òkú mi lẹ ì bá máa sun."

Ẹ̀yin ìyá, tí ooru bá ń dà yín láàmú, kì í ṣe ìtìjú, ó sì ní ìtọ́jú. Ẹ lọ bá dókítà. Ẹ sọ àìsàn tó ti ṣe yín rí, ẹ sọ oògùn mìíràn tí ẹ ń lò, torí àwọn kan ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ́ oògùn ẹsitirójìn yìí dànù. Ẹ má dá a sọ di méjì, ẹ má pín in fún ẹbí. Tí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé wú, tàbí tí èémí bá ń há, ẹ má dúró di ọ̀la. Tẹ́ ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́ níwájú ẹni tó lè ṣàtúnṣe, ojú ì báà tì yín.